Ìtàn Tí Wọ́n Fi Ń Se Oògùn Ikọ́

"Ogún ọdún gbáko ni mo ti ń se é," ni Ìyá wí, ó sì fọwọ́ gbá ìkòkò náà pẹ́pẹ́ bí ẹni ń gbá ọmọ tó gba ipò kìíní lẹ́yìn. "Ìkòkò yìí ò parọ́ fún mi rí. Bí mo bá sè é lónìí, bí mo bá sè é lọ́la, bí mo bá dijú sè é, bí ẹ bá so mí lọ́wọ́ sẹ́yìn tí mo wá ń fi ìgbọ̀nwọ́ sè é, bákan náà ni yóò jáde. Ikọ́ gbígbẹ tó bá gbóòórùn rẹ̀ lókèèrè, gáfárà ló máa tọrọ."

Ọkùnrin tí ìjọba rán wá láti ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò oògùn ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Báàgì awọ wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, aago kékeré kan tí wọ́n máa ń tẹ̀ lórí kó tó ṣiṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Ó kàn kọ nǹkan sínú ìwé.

"Ìkòkò méjì tó jọra ni mo fẹ́ rí, mà."

"Méjì péré? Mẹ́wàá ńkọ́?"

"Méjì ti tó."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, ẹ̀yin èèyàn. Ẹnu ò sì níṣẹ́ mìíràn ju kó máa ro ó lọ. Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́.

Ohun tó wà nílẹ̀ kì í ṣe kékeré fún Ìyá. Láti ogún ọdún, inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò àlòkù ló ń rọ omi ikọ́ rẹ̀ sí, orúkọ ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló sì ń wà lára rẹ̀. Àwọn tó ń wá rà á kò mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. "Ìyá Oníkọ́" ni wọ́n ń pè é, òun tí kò húkọ́ rí láyé ẹ̀. Wọ́n á dúró lójú títì, wọ́n á ké pé, "Ìyá Oníkọ́ ò!" òun náà á sì dáhùn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í dùn sí i. Nígbà tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ wá gbé ìgò kan lọ fún ọ̀gá rẹ̀ ní ilé ìpoògùn tó ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá náà tọ́ ọ wò, ó ní òun á fi í sórí pẹpẹ, láàárín àwọn oògùn tó wọkọ̀ òfúrufú wá, pẹ̀lú orúkọ Ìyá lára ìgò gàdàgbà. Ìwé àṣẹ ìjọba nìkan ló kù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sì ni ẹni tó ń fúnni níwèé yẹn máa ń gba àdúgbò náà kọjá. Bí Ìyá bá yege lónìí, orúkọ rẹ̀ á wà lára ìgò. Bí kò bá yege, ó di àmọ́dún, ìyẹn fún ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí àmọ́dún rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ìyàwó ọmọ yìí, Apoògùn ni gbogbo ilé ń pè é. Òun ló kọ fọ́ọ̀mù, òun ló sì to èròjà sórí tábìlì lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ìwọ̀n ìkòkò mẹ́rin: atalẹ̀, àlùbọ́sà pupa, ewé táìmù, àti oyin.

"Ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe," ni ọkùnrin náà wí.

"Èròjà inú ewé táìmù ló ń dẹ iṣan ọ̀nà ọ̀fun," ni Apoògùn dáhùn. "Ikọ́ gbígbẹ ò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó máa tu, ọ̀fun ló kàn ń rin èèyàn. Atalẹ̀ ń mú un wálẹ̀, oyin á bo ojú ibẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ bo ọmọ tó ń sùn. Ṣùgbọ́n oyin kì í wọná. Ó dìgbà tí ìyókù bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. A ò sì gbọdọ̀ ṣí ìkòkò sílẹ̀, torí agbára ewé á bá oru lọ."

"Àwọn wo ni kò gbọdọ̀ mu ún?"

"Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, nítorí oyin. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ bá sì kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ."

"Ikọ́ kì í kọjá ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ mi," ni Ìyá wí.

Ọkùnrin náà ṣí ojú ewé kejì. "Níbi tí fọ́ọ̀mù ti bèèrè bí ẹ ṣe ń wọn àkókò, ẹ kọ ọ́ pé: láìlo aago. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo máa wò ó. Bí ẹ bá yí ọ̀nà padà, fọ́ọ̀mù tuntun nìyẹn."

Àwọn tó mọ ilé náà mọ ìdí ọ̀rọ̀. Ọkọ Ìyá, tí í ṣe atúnaagoṣe, ló ni yàrá iwájú, ilé ìdáná sì ṣí sínú rẹ̀. Aago mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà lára ògiri ibẹ̀, kò sì sí méjì tó fẹnu kò. Ọ̀kan ní aago mẹ́ta ti lù, èkejì ní ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, ẹ̀kẹta dákẹ́, ó ń ronú. Aago oníbàárà ni gbogbo wọn, aláìsàn ni wọ́n, ta ló sì ń bi aláìsàn léèrè ọ̀nà? Ìdí nìyí tí Ìyá ò fi bá aago da nǹkan pọ̀ rí.

Ìtàn ló fi ń se oògùn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lógún ọdún sẹ́yìn, ikọ́ gbígbẹ kan gbé Bàbá dè. Ẹ sì mọ iṣẹ́ atúnaagoṣe: èèyàn á fi awò sójú kan, á fi ẹ̀mú kékeré mú skúrù tí kò tó orí eèrà, á sé èémí. Ikọ́ kan ṣoṣo, "húù!", skúrù á fò. Ọjọ́ méjì ni Bàbá fi wá ọ̀kan lórí ìkúnlẹ̀, inú irùngbọ̀n ara rẹ̀ ló ti padà rí i. Ìyá bá se ewé. Nígbà tí ewé ń hó, ọ̀rọ̀ sísọ ń rin Bàbá lọ́fun, ó sì lọ́rọ̀ láti sọ. Ìyá gbé ìdérí ìkòkò fún un pé kó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ní kó pa ẹnu dé, òun fúnra rẹ̀ á sọ ìtàn. Ìtàn bí wọ́n ṣe fẹ́ra ló sọ. Ìtàn parí, ó sọ ìkòkò kalẹ̀. Bàbá mu ún, ọ̀fun rọ̀. Láti ọjọ́ náà, òfin di òfin: bí ìkòkò bá ti wà lórí iná, ẹnu kan ṣoṣo ló ń ṣí. Ìtàn parí, ìkòkò sọ̀. Ikọ́ Bàbá ti lọ tipẹ́tipẹ́ o, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ò yí padà, ẹnu rẹ̀ náà ò sì ṣí.

Ìyá tan sítóòfù. Ọkùnrin náà tẹ aago rẹ̀.

"Nígbà tí mo jẹ́ ọmọge," ni Ìyá bẹ̀rẹ̀, "pọ́sọ́fíìsì ni mo ti ń ta sítáǹpù. Ojú fèrèsé tèmi nìkan ni èrò máa ń tò sí. Èkejì ṣófo. Àwọn èèyàn á ní àwọn fẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́, wọn ò ní lẹ́tà lọ́wọ́!"

Tíṣà kan wá, tí ìkọ̀wé rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń fi fírémù sí ìwé tó fi ń tọrọ ààyè. Ó kọ̀ ọ́. Ṣójà kan wá, tí bàtà rẹ̀ ń dán débi pé èèyàn lè wò ó yọ ẹran tó há séyín. Ó kọ̀ ọ́. Ọlọ́kọ̀ kan wá, fèrè méjì ló wà lára mọ́tò rẹ̀, ọ̀kan fún ìlú, ọ̀kan fún Ìyá nìkan. Ó kọ òun náà. Bó ṣe yẹ kó dé orí Bàbá nìyẹn. Ṣùgbọ́n àlejò wà nílé, àlejò onípò, Ìyá ò sì jẹ́ fún àlejò ní oúnjẹ àná.

"Ìgbà náà ni awakọ̀ òfúrufú dé."

Apoògùn gbórí sókè. Ọdún mẹ́fà tó ti wà nínú ilé yìí, kò gbọ́ awakọ̀ òfúrufú rí. Bàbá náà yí ojú wo Ìyá, ṣùgbọ́n ó tẹ ìdérí mọ́lẹ̀.

"Ó fi bàálù yí orí pọ́sọ́fíìsì po lẹ́ẹ̀mẹta," ni Ìyá wí. "Ọ̀gá wa jáde síta, ó ń ju ìwé sókè pé kó máa lọ!"

Apoògùn ṣe "húù-húù" díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́, kí Ìyá lè mọ̀ pé àkókò ń lọ.

"Ẹ gbọ́ nǹkan!" ni Ìyá wí tayọ̀tayọ̀. "Ikọ́ ti dé, oògùn sì wà lórí iná!" Ó tún fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kún ti awakọ̀.

Nígbà tí Bàbá fi wá wọ inú ìtàn, tó ra sítáǹpù kọ̀ọ̀kan fún ogójì ọjọ́ láìní ẹni tó máa kọ̀wé sí, tó sì kúnlẹ̀ lọ́jọ́ tó pé ogójì níwájú èrò, ìkòkò ti ń mì jìgìjìgì. Wọ́n sọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n po oyin mọ́ ọn. Ṣíbí dúró ṣánṣán láàárín rẹ̀.

Ọkùnrin náà ní àwo gíláàsì kan tó fi ìlà sí. Ó gbé e dagẹ̀rẹ̀, ó da oògùn ṣíbí kan sí i, kó wo ibi tó máa ṣàn dé. Oògùn náà ò ṣàn. Ó jókòó.

"Ìṣẹ́jú mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ni ó wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

"Ti àlejò nìyẹn," ni Ìyá wí, òógùn ti ń bọ̀ níwájú orí rẹ̀. "Ti òtítọ́ ló kàn."

Ọ̀rọ̀ ò tíì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ tán tó ti ń jẹ́ àfọ̀ṣẹ.

Ìkòkò kejì gun orí iná. Ìyá bẹ̀rẹ̀, ó ta sítáǹpù, ó fẹ́ pe tíṣà wọlé, ni ọkùnrin náà bá ṣí ojú ewé kẹta ìwé rẹ̀. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀, gbogbo ilé tó bá lọ ló ti ń bèèrè rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Ta ló tún ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná yìí?"

Bàbá na ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Bàbá, ǹjẹ́ ohun kan wà tí ẹ fẹ́ fi kún un tàbí tí ẹ fẹ́ ṣàtúnṣe?"

Ogún ọdún! Ogún ọdún ni Bàbá ti ń tẹ ìdérí mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yìí rí. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo bírò ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìdérí kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó fi lé Apoògùn lọ́wọ́.

"Ó wà, ọ̀gá," ni ó wí. "Ó pọ̀."

"Bàbá..." ni Ìyá wí.

"Ìjọba ló bi mí." Ó nu ẹnu. "Àkọ́kọ́, n kò débẹ̀ ní ogójì ìgbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. N kò ra sítáǹpù rárá, lẹ́tà mi kan ló sọnù, mo lọ jà. Èkejì, èrò ń tò sójú fèrèsé rẹ̀ torí pé fèrèsé kejì ti kú, pákó ni wọ́n fi kàn án. Ẹ̀kẹta, n kò kúnlẹ̀. Ẹyọ owó mi kan ló bọ́, mo bẹ̀rẹ̀ mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ aago ọwọ́ rẹ̀ fún mi, ó ní ó ti bàjẹ́, kí n bá òun tún un ṣe. Mo tún un ṣe. A fẹ́ra. Ó tán."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Wọn ò sọ fún wa pé òtítọ́ á bá a lórí iná.

Ṣé ẹ rántí pé ọwọ́ Ìyá mọ òfin kan ṣoṣo? Ìtàn parí, ìkòkò sọ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ ẹyọ owó tó bọ́, àmọ́ ọwọ́ ti gbé àkísà, ó ti gbé ìkòkò, ó ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Apoògùn ké pé, "Màámi!" Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Ìṣẹ́jú mẹ́fà," ni ọkùnrin náà wí.

Wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n po oyin mọ́ ọn, ó sì da èyí náà sórí gíláàsì. Ó ṣàn kọjá ìlà, ó ṣàn kọjá gíláàsì, bàtà ọkùnrin náà ló gbà á. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Wọn ò rí i nínú ìkòkò ni, ibẹ̀ gan-an ni kò ti dì.

"Èròjà ìkòkò méjì ló kù," ni ọkùnrin náà wí. "Bí wọ́n bá jọra, mo ti parí. Bí wọn ò bá jọra, ó di àmọ́dún. Ẹ jẹ́ kí n lọ fọ bàtà." Ó jáde sẹ́yìnkùlé.

Ìyá jókòó. Kò pariwo, ohun tó sì dẹ́rù ba Bàbá nìyẹn.

"Ẹ ti tú mi fó," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ní ojú ọmọ ọlọ́mọ."

"Ó bi mí léèrè ni."

"Ẹ ì bá ní kò sí."

"Mo ti ń ní kò sí láti ogún ọdún."

Apoògùn fa kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá yọ lára ògiri, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó mú bírò. "Ẹ̀yin òbí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ó bọ̀ wá ja ìjà yìí. Ìtàn kan ṣoṣo la fẹ́, tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí, tí kò ní gùn lẹ́ẹ̀kan kó kúrú lẹ́ẹ̀kan. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ni. Kí ló máa dúró, kí ló máa lọ?"

"Awakọ̀ òfúrufú á jáde," ni Bàbá wí kíá.

"Ó ti jáde," ni Ìyá gbà.

"Ṣójà náà."

"Ṣójà wà! Òótọ́ ni ti ṣójà!"

"Ṣójà kan wá. Ó ra sítáǹpù, ó lọ."

"Ó wò mí."

"Ìwọ lò ń ta sítáǹpù. Ṣé ògiri ni ì bá wò?"

"Bàbá," ni Apoògùn wí, "ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ṣójà. Bí ẹ bá lé e lọ, oògùn á tún ṣàn."

Bàbá rò ó. "Kó dúró. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ òdòdó lọ́wọ́ rẹ̀."

Wọ́n gba òdòdó lọ́wọ́ ṣójà. Wọ́n fi fèrè kan sílẹ̀ lára mọ́tò ọlọ́kọ̀. Ogójì ọjọ́ ni Ìyá pè, Bàbá ní mẹ́ta, wọ́n ná an lọ ná an bọ̀, ó jókòó sí mẹ́tàdínlógún. Ó wá ku ti aago.

"Aago yẹn," ni Bàbá wí, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Kò bàjẹ́. O ò kàn yí i ni."

Nínú yàrá iwájú, àwọn aago aláìsàn ń dún kọ́-kọ́-kọ́, olúkúlùkù ní tirẹ̀.

"Ẹ mọ̀?" ni Ìyá bèèrè.

"Atúnaagoṣe ni mí."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì dá a dúró fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì! Ojoojúmọ́ ni mò ń ti ibi iṣẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù yín kọjá, ẹ̀yin á ní, 'Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀.' Kí lẹ wá ń tún ṣe lára rẹ̀?"

"N kò tún nǹkan kan ṣe."

"Kí lẹ dá a dúró fún?"

"Kí o lè máa wá bèèrè rẹ̀."

Ìyá wò ó. Ó wá na ọwọ́, ó yọ ìṣẹ́pẹ́ ewé táìmù kan kúrò lára irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ìṣẹ́jú mélòó lèyí máa jẹ́?" ni ó bi Apoògùn.

"Bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, Màámi."

"Kọ ọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ máa lọ."

Ọkùnrin náà wọlé, bàtà rẹ̀ ti tutù. Ìkòkò kẹta gun orí iná. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu méjì ló ṣí. Ìyá ta sítáǹpù, Bàbá pàdánù lẹ́tà. Ìyá kọ tíṣà, ó jẹ́ kí ṣójà wò ó láìmú òdòdó, Bàbá dé ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Apoògùn ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tí wọ́n dé "Kí o lè máa wá bèèrè rẹ̀," Ìyá dákẹ́ díẹ̀ kó tó sọ pé, "A sì fẹ́ra." Ìkòkò sọ̀.

"Mọ́kàndínlógún," ni ọkùnrin náà wí.

Ìkòkò kẹrin. Sítáǹpù, lẹ́tà, tíṣà, ṣójà. Bàbá ti ń gbádùn ara rẹ̀, ó fẹ́ fi àlàyé kún ti lẹ́tà tó sọnù, Apoògùn wò ó pẹ̀lú ojú kan, ó gbé àlàyé mì. Wọ́n tún dé ibi aago. Ìyá tún dákẹ́ níbi tó ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó náà ló pẹ́, kò sì sẹ́ni tó kọ ìyẹn sẹ́yìn kàlẹ́ńdà fún un. "A sì fẹ́ra."

"Mọ́kàndínlógún."

Wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n po oyin. Ọkùnrin náà gbé gíláàsì rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀, ó da ṣíbí kan láti inú ìkòkò kẹta, ó da ọ̀kan láti inú ẹ̀kẹrin. Àwọn méjèèjì ṣàn wálẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, láìkánjú, bí àgbàlagbà méjì tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Wọ́n dúró sórí ìlà kan náà.

Ọkùnrin náà mú ìwé mìíràn jáde, ó fi òǹtẹ̀ lù ú. "Kí ni orúkọ yín tó máa wà lára ìgò, mà?"

Ìyá tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó pe orúkọ náà pátápátá, èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, èyí tí ìyá rẹ̀ ń pè é, ó sì fi ti ọkọ rẹ̀ kádìí ẹ̀. Ó rọra ń pè é lẹ́yọ lẹ́yọ, kí bírò má baà kánjú. Ọkùnrin náà kọ gbogbo rẹ̀. Apoògùn ń fi ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà nu ojú. Bàbá ń fun imú, ó ní àlùbọ́sà ni. Ìyá di ìwé náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó yí sí àlejò rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn bí ẹni tó fẹ́ gba ìyìn tó kù.

"Ọmọ mi," ni ó wí, "ìwọ tó jókòó tì wá láti òwúrọ̀, tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́nà mẹ́ta. Sọ òótọ́ fún mi, má wo ojú ẹnikẹ́ni. Nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ló dùn jù?"

Ọkùnrin náà ń ti báàgì rẹ̀.

"N kò gbọ́ ìtàn kankan, mà," ni ó wí. "Aago ni mò ń wò."